Ta Ni Ẹsẹ̀ Rẹ Ń Bá Rìn?

Gbólóhùn kan wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi máa ń pa mí lẹ́nu mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá bá ọ̀kan nínú wọn wí títí tí ọ̀rọ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́ lára, á sorí kọ́, á ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí orí oníkálukú bá ṣe rí ni ayé rẹ̀ ń rí." Kò sí Yorùbá tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní mú dákẹ́ díẹ̀. Ta ni yóò bá orí jà? Àwọn bàbá wa ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Àwọn alfa wa ní kádàrá Ọlọ́run kò ṣe é yẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ní ẹni tí Olúwa bá ti yàn, ó ti yàn án. Ìwó ni mò ń gbé, ìlú tí alfa, díkónì àti babaláwo ti lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, nítorí náà ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ibì kan náà ló sì máa ń já sí lẹ́nu ọ̀dọ́: ẹ má bá mi wí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ mọ́ mi ni.

Èmi kì í ṣe alfa, n kì í sì í ṣe pásítọ̀. Télọ̀ ni mí. Agbádá, bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin ni mò ń rán ní Òkè-Adán, mo sì ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ á rí ohun tí ìyá ọmọ kò rí, torí pé àárọ̀ dalẹ́ ni ọmọ fi ń jókòó níwájú rẹ̀, tí yóò sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí àgbà nítòsí. Ohun tí mo ti rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ orí yìí. N kò sọ pé orí kò sí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí ọ̀dọ́ bá jókòó tì ní wákàtí tí kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí orí náà yóò dà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ méjì kan. N kò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ṣì wà láyé, wọ́n sì lóbìí. Ọdún kan náà ni wọ́n wọṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan ti Mọ́lété wá, èkejì ti Gidigbo, agríméǹtì kan náà ni àwọn òbí wọn sì bá mi tọwọ́ bọ̀. Bí ẹ bá ní kí n tọ́ka sí ẹni tí orí rẹ̀ dára nínú wọn lọ́jọ́ náà, ọmọ Mọ́lété ni ǹ bá nawọ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò pẹ́ tó fi mọ bí a ṣe ń gé ọrùn agbádá láìfi aṣọ ṣòfò, bó bá sì ṣe iṣẹ́ ọnà sí àyà bùbá, àwọn oníbàárà á rò pé èmi ni mo ṣe é. Ọmọ Gidigbo kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ó ti rán apá òsì mọ́ èjìká ọ̀tún rí. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù jó gínnì oníbàárà, tí mo sì san án.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò jọ nǹkan kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Ìgbà kan wà tí iná kì í dúró rárá ní àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ mi kékeré kò sì lágbára ju àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, oníkálukú á wá ibi tí yóò ti ṣáàjì fóònù rẹ̀. Ọmọ Mọ́lété rí ilé kan tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mélòó kan háyà, tí jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ ń dún mọ́jú. Ọmọ Gidigbo ń gbé tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì àti páànù lọ́nà ọjà Odò-Orí, ẹni tó ní sólà. Ibi ṣáàjì ni àwọn méjèèjì ń lọ. Kò sí èyí tó jí lọ́jọ́ náà tó ní òun fẹ́ lọ yan ọjọ́ ọ̀la òun.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de fóònù á jókòó, ẹni tó bá jókòó á gbọ́rọ̀. Nínú ilé tí ọmọ Mọ́lété ń lọ, wọn kì í pe olè jíjà ní olè. "Iṣẹ́" ni wọ́n ń pè é. Òyìnbó tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gba owó rẹ̀, "kíláyẹ́ǹtì" ni. Kò sí ẹni tó bẹ ọmọ náà pé kó wá di ọmọ Yahoo. Ó kàn ń gbọ́ ọ lálaalẹ́ ni, títí tí kò fi jọ ohun tó burú létí rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó gbé èdè náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwa ará Ìwó, tí ayé ń fi odídẹrẹ́ mọ ìlú wa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa pé ohùn ẹyẹ la fi ń mọ irú ilé tó ń gbé. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà, mo mọ ilé. Mo bá a sọ̀rọ̀, mo ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní orí ni. Kò ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gbé báàgì rẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí tí bàbá rẹ̀ rà fún un sílẹ̀ lórí tábìlì.

Bàbá onísìmẹ́ńtì kò wàásù fún ọmọ Gidigbo rárá. Ó kàn sọ fún un pé, "Bí o ti jókòó yẹn, bá mi kọ ohun tí wọ́n ń rà sínú ìwé yìí." Bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ nìyẹn: iye àpò tó jáde, iye tí wọ́n san, iye tó kù lọ́rùn oníbàárà. Nígbà tó pẹ́, ó wá bá mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò mọ iye tí àwọn èèyàn jẹ yín." Òótọ́ ni, n kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Gidigbo náà kì í sì í ṣe ẹni mímọ́. Ìgbà kan dé tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, tí kò yà síbi ìwé àkọsílẹ̀ mọ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò tíì jókòó tó fi bèèrè pé, "Ọmọ rẹ dà? Níbo ló wà?" Ojú ti ọmọ náà ju bí ẹni pé wọ́n nà án lọ. Ó padà. Lónìí, Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ níṣẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ohun tí mo fi ń wọn ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí o kò bá wá, wọn á bèèrè pé, "Níbo lo wà?" Ẹgbẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá wá, wọn á bèèrè pé, "Kí lo mú wá?" Nígbà tí ibà dá ọmọ Mọ́lété wólẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sí ẹnì kan láti ilé tí wọ́n ti ń ṣe "iṣẹ́" tó wá wò ó. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tó gba ibẹ̀ lọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó rí owó dání. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó bá ní orí ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ máa ń sá sẹ́yìn Ifá. Wọn á mú ìtàn àwọn mẹ́ta tó ń ti ìsálọ́run bọ̀ wá sáyé wá: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ìtàn náà sínú ìwé. Ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mú orí. Wọ́n dé ayé, ti Afùwàpẹ́ dára, ti àwọn méjì yòókù fọ́. Wọ́n wá ń bèèrè ibi tó ti rí tirẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n sì gbọ́ ni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti mú un, àyànmọ́ ni kò papọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ìtàn náà dé. Wọn á mi orí, wọn á ní, "Ẹ ò rí nǹkan!"

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí àárín rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jáde ni. Lójú ọ̀nà, Afùwàpẹ́ ní òun yóò yà kí bàbá òun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yà ní tiwọn, wọ́n ń kánjú. Nílé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti dáfá fún un, tí wọ́n ní kó rúbọ, tó sì ti mú iyọ̀ àti owó dání. Àwọn méjì tó ṣáájú kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n fi ojú ara wọn yan èyí tó tóbi tó sì dùn ún wò, wọn kò mọ̀ pé kò jinná nínú iná. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí bá ń ṣí wọ́ọ́wọ́ọ́. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ bá arúgbó oníbodè kan tó ń se ọbẹ̀, tó ń da eérú sí i. Ó dúró tì í, ó fi iyọ̀ hàn án. Ọbẹ̀ dùn, arúgbó ṣínú. Òun ló ta á lólobó pé gbèsè ni Àjàlá jẹ, pé inú àjà ló sá pamọ́ sí fún olówó rẹ̀. Afùwàpẹ́ bá a san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin lu àwọn orí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá a mú èyí tí kò ní fọ́.

Kódà ní ìsálọ́run, kí a tó délé ayé rárá, ẹni tí èèyàn yà kí, ẹni tó dúró tì lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó fi ọgbọ́n tirẹ̀ fún, tó sì gba ọgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó sọ irú orí tó mú. Àwọn méjì yòókù kò burú. Ara wọn nìkan ni wọ́n ní láti bá dámọ̀ràn, kò sì sí èyí tó mọ orí tó jinná nínú wọn. Ní tèmi, n kò rí ìtàn tó ta ko "orí ló ń ṣe é" tó èyí, Ifá fúnra rẹ̀ ló sì pa á.

Ọ̀rọ̀ kádàrá ńkọ́? Alfa tó kọ́ wa ní kéwú nígbà tí a ṣì ń gbé wàláà lọ́wọ́ fẹ́ràn ìtàn Ṣèyídínà Umar àti àjàkálẹ̀ àrùn Amwas. Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó dé ibi tí wọ́n ń pè ní Sargh, wọ́n sọ fún un pé àrùn ti wọ ibi tó ń lọ. Ó bá àwọn èèyàn rẹ̀ jíròrò, ó ní kí wọ́n ṣẹ́rí padà. Abu Ubaydah, ẹni ńlá nínú àwọn sàábé, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́run ló ń sá fún. Umar dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé inú kádàrá Ọlọ́run lòun ń bọ̀, inú kádàrá Ọlọ́run lòun sì ń sá lọ. Ó wá bi í pé bó bá da ràkúnmí dé àfonífojì tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ táútáú, ṣé èyíkéyìí tó bá dà wọ́n sí kì í ṣe nípa kádàrá Ọlọ́run náà ni?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń fi dá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lóhùn. Ilé tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún mọ́jú, inú kádàrá ló wà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá onísìmẹ́ńtì, inú kádàrá náà ló wà. Ọlọ́run mọ èyí tí ìwọ yóò gbà, àmọ́ ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí o kò mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ ni ọ̀nà méjèèjì ṣì wà.

Wọ́n máa ń ní, "Ọ̀gá, àwa kì í bá wọn ṣe é, a kàn ń jókòó ni." Anabi Muhammad ti fèsì sí èyí tipẹ́. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, ó fi ọ̀rẹ́ rere wé ẹni tó ń ta tùràrí olóòórùn dídùn, ó fi ọ̀rẹ́ burúkú wé ẹni tó ń fin ewìrì ní ilé alágbẹ̀dẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ náà kò lọ kọ́ṣẹ́. Ìjókòó ló jókòó. Bí kò tilẹ̀ ra tùràrí, á ru òórùn dídùn lọ sílé. Bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan irin gbígbóná, iná lè ta pàrà sí aṣọ rẹ̀. Èmi tí mò ń ránṣọ mọ̀ pé ihò tí iná bá lu sí àárín léèsì kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ lẹ̀ ẹ́ tí kò ní hàn.

Yorùbá ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Gbogbo òbí ló mọ òwe yìí, wọ́n sì ń lò ó títí tó fi dà bíi pé èébú ni. Ohun tí wọn kì í fi tì í ni ajá inú Súúrà Káfì, èyí tí àwa Mùsùlùmí ń kà ní ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni àwọn èèyàn inú ìtàn náà. Wọ́n rí i pé ọ̀nà tí gbogbo ìlú wọn ń tọ̀ kò tọ́, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n wọ inú ihò àpáta lọ, Ọlọ́run sì fi oorun kùn wọ́n níbẹ̀ fún 300 ọdún àti 9. Ajá kan tẹ̀ lé wọn, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọba alágbára ni Kùránì kò mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n ó mẹ́nu ba ajá yẹn, torí àwọn tó bá rìn. Nítorí náà, kí ìyá tó ń fi àgùntàn àti ajá bá ọmọ rẹ̀ wí tún rántí sọ apá kejì fún un: bí ìrìn ṣe lè ba àgùntàn jẹ́, ó lè gbé ajá ga.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwòrán Hushpuppi ló wà lójú fóònù àwọn kan nínú wọn. Ramon Abbas ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Dubai nígbà náà, tí èèyàn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ń tẹ̀ lé lórí Instagram. Mọ́tò rẹ̀, bàtà rẹ̀, aago rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wò ó. Ní oṣù Òkúdù 2020 ni àwọn ọlọ́pàá Dubai mú un. Ní oṣù Bélú 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Los Angeles rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3, ó sì pàṣẹ kó san owó tó lé ní mílíọ̀nù 1.7 dọ́là padà fún àwọn tó lù ní jìbìtì. Ẹni 40 ọdún ni lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ oníwàásù ló ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dẹ́rù ba ọ̀dọ́, n kò ní fi kún tiwọn. Iye àwọn tó ń tẹ̀ lé e ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Ẹni tí mílíọ̀nù èèyàn ń tẹ̀ lé kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. "Kí lo mú wá lónìí?" ni gbogbo wọn ń bi í láràárọ̀, ó sì ń dáhùn pẹ̀lú mọ́tò tuntun. Nígbà tí wọ́n mú un, àwọn kan nínú àwọn tó ń yìn ín ló yára fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ lójú fóònù, wọ́n fi ti ẹlòmíràn rọ́pò kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ó yẹ kí n dáhùn àtakò kan tó lágbára. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní ẹgbẹ́ tó lè yàn. Ọmọ tí wọ́n bí sínú yàrá kan ní àárín ìjà, tí kò sí owó ilé ìwé, tí àdúgbò rẹ̀ kún fún igbó mímu, ta ni kó yàn? Ẹ̀sùn ni a máa ń fi ìmọ̀ràn kàn án. Mo gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí mo máa ń rántí ni Àjàyí tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọmọ nǹkan bí ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Kò yan àwọn ajínigbé. Kò yan ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí tí wọ́n kó o sí ní Èkó. Kò tilẹ̀ yan ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀, tó sì gbé wọn dé Sàró ní 1822. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibẹ̀, wákàtí kan dé tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì lò ó. Ó sún mọ́ àwọn tó ń kọ́ni ní ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín nǹkan bí oṣù 6, òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

N kò sọ ìtàn rẹ̀ láti fi ojú kéré ìyà tó ń jẹ ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ torí wákàtí yẹn. Ìdílé, ìlú, ìgbà tí a bí ni sí, wọn kò sí lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, nínú ayé tó há jù lọ, àyè kékeré kan máa ń wà láàárín iṣẹ́ àti oorun. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti ń yan. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè yan rere, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní ìwé, tàbí tó ń ta sìmẹ́ńtì tó sì fi àga sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni ọ̀rọ̀ wá dé báyìí. Ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ ìjọ Baptist ni, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Rehoboamu ọmọ Sólómọ́nì. Àwọn àgbà gbà á nímọ̀ràn kan, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà gbà á ní òmíràn. Ó tẹ̀ lé tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀yà 10 sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń sọ ìtàn yìí fún, bẹ́ẹ̀ Bíbélì sọ pé ẹni 41 ọdún ni nígbà tó jọba, tí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ohun tí mo sì wá ń rò ní tèmi ni ìmọ̀ràn àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Wọ́n ní kí ọba dẹ àjàgà àwọn èèyàn, kó bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ìmọ̀ràn tó ṣe é tẹ̀ lé ni. Ṣé irú rẹ̀ ni ọ̀dọ́ ń rí gbà lọ́wọ́ wa?

Ẹ bá mi dé òde ìnáwó ní ìlú wa kí ẹ wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe á gbé mọ́tò dé, alága ìjókòó á ní kí wọ́n wá àyè fún un níwájú. Onílù á kì í. Wọ́n á gbé gbohùngbohùn fún ẹni tí yóò ṣàdúrà fún un, àdúrà náà á sì gùn ju ti ìyàwó àti ọkọ lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ránṣọ láti àárọ̀ á dúró sẹ́yìn kánópì, kò ní sí ẹni tó ní kó jókòó. "Kí lo mú wá?" ni gbogbo ìlú ń bèèrè lọ́jọ́ náà. Bí a bá wá délé tí a ní kí ọmọ yan ọ̀rẹ́ rere, ohun tó rí lójú agbo ni yóò gbàgbọ́. Ẹgbẹ́ burúkú tí a ń kìlọ̀ rẹ̀ fún un, àwa náà wà nínú rẹ̀.

Àwa la tún máa ń pín wọn sí ẹgbẹ́ kí wọ́n tó lè yàn. Ní oṣù Òkúdù 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní àwọn ilé ìwé ìjọba. Láàárín oṣù kan náà, ní Baptist High School tó wà ní Ìwó níbí, àwọn kan wọ híjáàbù wá, àwọn kan wọ aṣọ kọ́áyà àti aṣọ ìjọ lé yúnífọ́ọ̀mù, àwòrán wọn sì kárí ayé. N kò wá dá ẹjọ́ yẹn láàárín ẹnikẹ́ni. Ohun tí télọ̀ lè sọ níbẹ̀ kò ju pé ọmọ ọdún 14 kì í dá aṣọ kọ́áyà rán. Àgbà kan ló fi lé e lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó ń yá ara wọn ní bírò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú bẹ̀rẹ̀ sí í wo aṣọ ara wọn kí wọ́n tó jókòó, bẹ́ẹ̀ ìlú tí alfa àti díkónì ti ń jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n bí wọn sí.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ra bátìrì àti sólà. Bí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣáàjì á ṣáàjì, ẹni tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù á wò ó, ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè oníbàárà wà lórí tábìlì, ọ̀kan nínú wọn ló sì ń kọ ọ́. N kì í wàásù ní wákàtí yẹn. Bí ẹnì kan kò bá wá lọ́jọ́ méjì, mo máa ń ránṣẹ́ sílé wọn, nígbà mìíràn mo máa ń fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ. Àwọn kan nínú wọn ṣì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kò sí àga tàbí iná tó lè di ọmọ tó ti pinnu àtilọ mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ báyìí mọ̀ pé òun lọ ni. Kò lè sọ pé wọ́n gbé òun lọ.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, kí o tó wádìí bóyá orí rẹ dára, ka àwọn èèyàn tí yóò wá ọ kiri bí o kò bá délé lálẹ́ òní. Ìwọ àgbà tó ń kà á, ka àwọn ọmọ tí kì í ṣe tìrẹ tí ìwọ yóò dìde wá kiri.